Epo Tí Kò Ṣá Nínú Oòrùn

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti fóònù yẹn sápá kan. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú náà bá mi wọ sàréè láìjẹ́ pé mo sọ ohun tó fà á. Mi ò ní tò ó bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, torí ọkàn àgbà kì í rin ọ̀nà tààrà. Ó ń yà kí ẹni tó ti kú, ó ń yà kí ẹni tó ṣì wà. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí mo bá yà sí, ọ̀rọ̀ epo ni mo ń bá bọ̀.

Ẹ mọ ọgbà ńlá tí wọ́n sọ di ibi ìkẹ́rùsí ní Ìkẹjà, níbi tí koríko ti bo géètì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì títí orí mi fi hu ewú. Bọ́tà là ń ṣe níbẹ̀, èyí tí ẹ̀ ń fi sára búrẹ́dì. Láàárọ̀, fèrè iléeṣẹ́ á dún, á dún dé Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa gba orí ojú irin kọjá, bàtà wọn á máa ró lórí òkúta. Ará Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, àwa ará Èkìtì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní aago ń fi fèrè yẹn gbé omi kaná. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ló gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kì í sọ fún èèyàn pé ilẹ̀ ti mọ́. Ariwo lásán ni. Àwa tó kù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà ṣì ń jí ní wákàtí yẹn, láìsí ẹni tó pè wá. Bí mo bá sì la ojú, tí adúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, mo máa ń gbọ́ bàtà. Mi ò sọ pé iwin ni. Kẹ́mísìrì ni mo kà. Ohun tí etí mi ń gbọ́ ni mò ń sọ.

Iṣẹ́ wa gan-an ní ẹ̀rù nínú, bí èèyàn bá rò ó dáadáa. Epo pupa ló ń wọlé nínú ọkọ̀ tánkà, ó pupa bí ilẹ̀ Èkìtì lẹ́yìn òjò. Kárótíìnì ni wọ́n ń pe ohun tó fún un ní àwọ̀ yẹn. Òun kan náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì, nínú ìbẹ́pẹ tó pọ́n, nínú máńgòrò. Ara ń sọ ọ́ di èròjà tí ojú fi ń ríran bí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun rere ni. A ó wá gbé epo yìí, a ó fi ooru àti amọ̀ kan báyìí fọ̀ ọ́, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò. Bó bá yọ lódìkejì, ó funfun, kò lóòórùn, kò ládùn, ó dà bí òkú tí wọ́n ti wẹ̀. Ta ni yóò fi irú rẹ̀ jẹ búrẹ́dì? A ó tún gbé e lọ sí yàrá àwọ̀, kí wọ́n lè dá kárótíìnì padà sí i níwọ̀nba, kó lè jọ bọ́tà. A bọ́ ọ láwọ̀, a tún fi àwọ̀ wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi ọ̀gá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ní dáa ká kúkú fi èyí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀?"

Ó ní, "Èyí tó wà níbẹ̀ kì í dọ́gba. Ti òní á pọ́n ju ti àná lọ. Oníbàárà sì fẹ́ kí òní jọ àná."

Ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ojú àwọn èèyàn ní ohun tí kò yẹ kí ojú mọ̀.

Yàrá àwọ̀ kò ní fèrèsé. Kárótíìnì kórìíra ìmọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá kàn án, ó ń ṣá. Ilẹ̀kùn méjì ló wà níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ ká tó ṣí èkejì. Gílóòbù kékeré kan ló ń tàn níbẹ̀ bí ojú ológbò. Obìnrin ni gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, olórí wọn sì ni Ìyá Sàfù, mùsùlùmí ọmọ Agége, ẹlẹ́nu bí abẹ. Òun ló dá àṣà kan sílẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn títí di òní: ẹnikẹ́ni kì í gbóhùn sókè níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ já wọlé tìpá-tìpá, Ìyá Sàfù kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ìyàwó yunifásítì, ṣé ìwé yín ló ní kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ṣílẹ̀kùn?"

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ẹ bẹ ẹni tó ń sùn nínú agolo àwọ̀ yẹn."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín sínú. Mo bẹ agolo. Ẹ lè fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró nínú òkùnkùn yẹn, tí ẹ gbọ́ bí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ṣe ń mí jẹ́jẹ́, tí ẹ sì rí ohun pupa tó ń yí lọ́nà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú àgbá, ẹ̀yin náà á bẹ̀ ẹ́.

Àwọn obìnrin náà máa ń fi búrẹ́dì nu ohun tó bá kù lára igi ìpo, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ̀wẹ̀, kárótíìnì tó bá pọ̀ lára kò ní ibòmíràn tó máa fara hàn sí ju awọ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ wọn àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn di àwọ̀ ìbẹ́pẹ. Ní Agége, àwọn ọmọdé ń pè wọ́n ní Ọlọ́wọ́ Ìbẹ́pẹ, wọ́n á sá wọ ẹ̀yìn ìyá wọn. Àwọn àgbà ń sọ kẹ́lẹ́ pé fákítọ̀rì yẹn ti fa ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ, ó fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyá Sàfù kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lágbàlá wọn, òun á kàn jáde, á na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí wọn láìsọ̀rọ̀. Oníkálukú á wọlé rẹ̀ lọ.

Ọdún kan wà, nígbà tí Kérésì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí òṣìṣẹ́ tuntun kan bu àwọ̀ sí bọ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́tà jáde pupa bíi bíríkì. Kò ṣeé tà, kò sì léwu, ni wọ́n bá pín in fún àwa òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo òpópónà wa ló pọ́n lẹ́nu lọ́dún yẹn. Ìyá onílé mi, díákónẹ́ẹ̀sì ará Èkìtì, gbàdúrà lé búrẹ́dì lórí kó tó jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ló tún ní kí n bu díẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ẹnu gbogbo wa fi padà bọ̀ sípò, torí ohun tó wá láti inú èso mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra gbogbo ohun tí wọ́n fi ń kun oúnjẹ. Mo jẹun níbẹ̀. Ohun tí mo kórìíra, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Sàfù kú ní ọjọ́ kan tí òjò ń pa wínníwínní. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Nígbà tí mo dé Agége, àwọn obìnrin tó yẹ kó wẹ òkú wà níta, wọ́n jìnnà sí ilẹ̀kùn. Omi wà nílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àgbà inú wọn, ìyàwó ààfáà kan, sún mọ́ mi.

"Ẹ̀yin lọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀. A ti wẹ òkú tó pọ̀. Àwọ̀ òkú máa ń lọ ni. Ti èyí ń bọ̀ ni."

A jọ wọlé. Òótọ́ ló sọ. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ lára aṣọ funfun bí àtùpà, ó pọ́n ju bó ṣe pọ́n nígbà tó wà láyé lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ti fà sẹ́yìn, ohun tó wà nínú awọ nìkan ló kù láti fara hàn. Àwọn obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n sì ń bẹ̀rù kó má ràn wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. Ẹyinjú rẹ̀ funfun báláú.

Mo ní, "Ẹ wò ó. Ẹni tí ibà yẹn bá pa, ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n. Oúnjẹ ló wà lọ́wọ́ ìyá yìí. Kì í ṣe àrùn."

Ìyàwó ààfáà wo ojú náà, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ó wá ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Ìyá Sàfù," ló wí fún òkú, "o tún fẹ́ fi ọwọ́ yẹn lé wa wọlé wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sin ín kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ayé ìgbà náà, bí nǹkan bá ṣàjèjì, wọ́n á pe ẹni tó lè wò ó. Wọ́n á bẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè. Lónìí, ohun àjèjì wọ inú ìkòkò, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó béèrè.

Fákítọ̀rì wa kógbá wọlé. Àwọn kan ní owó iná ló pa á, àwọn kan ní ọjà òkèèrè ni. Wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọ́n kó o lọ. Yàrá àwọ̀ nìkan ni wọn ò rí kùn. Ọ̀dà funfun tí wọ́n bá fi kùn ún, kó tó gbẹ, àwọ̀ ìbẹ́pẹ á ti mu ún láti inú ògiri. Ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn tó gba ọgbà náà lọ́wọ́ wọn kàn fi páálí bò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, Fúnmi ọmọ mi, tí a jọ ń gbé ní Agége, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àádùn. Ẹ mọ àádùn: àgbàdo yíyan tí a lọ̀, tí a fi epo pupa àti iyọ̀ pò. Fúnmi kò fi ewé wé tirẹ̀ bíi ti ìyá mi. Ọ̀rá tó ń dán ló ń dì í sí, wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọ̀ àdánidá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ilé-ìwé kan ní àdúgbò Ọgbà ló máa ń rà á jù, àgàgà fún Ọjọ́ Àṣà, nígbà tí wọ́n máa ń wọ àwọn ọmọ láṣọ òkè, tí wọ́n á sì fún wọn ní oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Ọjọ́ Àṣà ọdún yìí bọ́ sí, mo wọ ilé ìdáná. Òjò ṣú, iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Gbogbo nǹkan inú ilé ìdáná ti di àwọ̀ eérú: ìkòkò, ògiri, ọwọ́ ọmọ mi pàápàá. Àádùn nìkan ló ṣì pupa. Ó wà nínú abọ́ ńlá, ó pupa ròròrò, bí ẹni pé ó ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Fúnmi, níbo lo ti rí epo yìí?"

"Mọ́mì, ẹ kú àárọ̀ náà. Lọ́wọ́ Bọ̀dá Ṣẹ́gun ni. Ó ń kó o wá fún gbogbo àwa tá à ń ṣe ìpápánu ní àdúgbò yìí."

"Èyí tó ò ń rà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kò pupa tó. Màdáámù ilé-ìwé ní àádùn èṣí dà bí iyanrìn, pé kò yọ nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn òbí."

"Torí fọ́tò."

"Mọ́mì, ayé fọ́tò la wà."

"Fún mi láwo funfun kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ilé ìdáná mi di lábù."

"Lábù ló tọ́ ọ dàgbà. Gbé àwo wá."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwo. Ní fákítọ̀rì wa, kí ẹ̀rọ kankan tó yẹ epo wò, àwo tánganran funfun la kọ́kọ́ ń lò. A ó fi ìka ra epo sójú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú èso ni àwọ̀ yẹn ti wá, oòrùn á máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀; bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Àwọ̀ tó bá ti wà láàyè rí máa ń kú. Èyí tí oòrùn kò bá rí pa, kò wà láàyè rí. Aró aṣọ tàbí aró awọ ni, ohun tí wọn ò ṣe fún ikùn ọmọ èèyàn.

Mo ra epo Fúnmi sápá kan àwo. Mo ra tèmi sápá kejì, èyí tí ọmọ àbúrò mi fi ìgò gbé wá fún mi láti Èkìtì. Mo gbé e sójú fèrèsé. Oòrùn kò sì yọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, Ọjọ́ Àṣà sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Fúnmi ti di àádùn tó pọ̀ sínú ọ̀rá, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo sọ fún un pé kó má tíì gbé e jáde nílé títí oòrùn á fi dá ẹjọ́ náà.

"Bí oòrùn ò bá wá sílé ẹjọ́ ńkọ́?" ló bi mí.

Mo fi àwo náà sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ní Ọjọ́rú, mo wọ kẹ̀kẹ́ jáde, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Aláúsá, sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo gbé epo dání nínú ìgò kékeré. Wọ́n ní kí n lọ sí òkè. Ti òkè ní ìsàlẹ̀ ni. Ọmọkùnrin tó wá gbọ́ tèmi níkẹyìn bọ̀wọ̀ fún mi gidi, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn, torí mi ò ráyè bú u.

"Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ti kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ṣé wọ́n gbé ẹnì kan lọ sọ́sípítù?"

"Rárá. Irú nǹkan báyìí kì í kánjú. Ó lè pẹ́ lára kó tó sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é ná, mà."

Mo gbé ìgò mi padà sílé. Nínú ọkọ̀, obìnrin tó jókòó tì mí wò ó títí, ó ní, "Màmá, epo yìí mà dáa o. Ibo lẹ ti rí i?"

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, oòrùn bọ́ síta, ó mú ganrínganrín bó ṣe máa ń ṣe bí òjò bá dá. Mo jókòó ti fèrèsé. Mi ò lè sọ fún yín bí ó ṣe rí láti máa wo ohun kan tó ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kò lè kú. Epo Èkìtì kọ́kọ́ dà bí oyin, ó dà bí tíì tó fúyẹ́, ó dà bí omi ìrẹsì. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú àwo ti ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Apá kejì ṣì wà bó ṣe wà. Kò ṣí, kò yẹ̀. Ó ń wò wá.

Fúnmi gbé àwo náà, ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ti Èkìtì lọ. Èkejì fi àpá sílẹ̀ lójú àwo, ó sì wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó tún un fọ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

Ibẹ̀ la wà tí Ṣẹ́gun fi dé, ó wá gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó fi sílẹ̀. Ọmọ tó lọ́wọ̀ ni, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ṣẹ́gun, kí lo pò mọ́ epo?"

"Màmá, mi ò fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe ń tà á."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ẹni tí òun náà rà á."

"Ìwọ kò sì béèrè."

Ó dìde nílẹ̀. "Màmá, mo ti gbé ojúlówó wá rí. Ẹ bi Àǹtí Fúnmi. Wọ́n ní mo bomi là á. Wọ́n pè mí ní olè lójú ọ̀nà yìí. Àtìgbà tí mo ti ń gbé èyí wá, ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè mí."

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ fún un. Ìbínú tí mo ti tò jọ láti Aláúsá kò rí ibi tó máa bà sí. Ṣẹ́gun kò purọ́.

Nígbà tó lọ tán, Fúnmi ní, "Mọ́mì, bí mi ò bá gbé e lọ lọ́la, Màdáámù á mú ẹlòmíràn. Ilé-ìwé yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ mí."

"Mo mọ̀."

"Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ bí mo bá gbé e lọ. Lónìí kọ́, lọ́la kọ́."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Mo fi ìpinnu sílẹ̀ fún un. Ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ló wà lára ọ̀rá, kì í ṣe tèmi. Ó jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó wá dìde, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ọ̀rá náà lórí níkọ̀ọ̀kan, ó ń da àádùn inú wọn sínú àpò kan. Kò sunkún. Ó fi ìgò epo Èkìtì mi po ìyẹ̀fun tó kù. Àádùn tó jáde níbẹ̀ kò pọ̀, ó sì fúyẹ́ láwọ̀, bí yangan tó gbẹ. Ó tọ́ ọ wò, ó fi díẹ̀ sí mi lẹ́nu. Àádùn ìyá mi ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a gbé e lọ sí Ọgbà. Gbọ̀ngán ilé-ìwé kún. A bá ẹlòmíràn níbẹ̀. Màdáámù ti pè é kún wa, kí àádùn má baà kéré. Àádùn tiyẹn wà lórí tábìlì, ó pupa ròròrò bí èyí tí Fúnmi gé dànù, ó sì dájú pé kẹ́ẹ̀gì kan náà ló bí wọn. Àwọn ọmọ yí i ká, ètè wọn pọ́n, ìka wọn pọ́n. Wọn ò pariwo. Àádùn kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, ẹnu gbogbo wọn ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ bá Màdáámù, mo sọ ohun tí mo rí lójú àwo, láìfi ọ̀kan pe méjì. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí inú wọn ṣe ń dùn."

Ní tábìlì tiwa, ọmọbìnrin kan tó wọ ìró àti bùbá, tí ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, wá dúró.

"Màmá àgbà, kí lèyí?"

"Àádùn ni."

Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo tiwa. "Ṣé àádùn àwọn tí ara wọn ò yá ni?"

Kò fi wá ṣẹ̀sín. Àánú wa ló ń ṣe é. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ojú wọn fi ṣe déédéé, ó ní, "Rárá o, ọkọ mi. Ti àwọn tí ara wọn yá ni." Ọmọ náà mi orí bí èèyàn ṣe ń mi orí fún aláìsàn, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ sí ìgbà yẹn. Màdáámù kò pe Fúnmi mọ́. Ṣẹ́gun ló pè é lórí fóònù, tó ní bí kò bá fẹ́ epo tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kejì, kó dá a padà, àwọn kan ti ń béèrè. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ní, "Mo ti dà á nù." Irọ́ ni. Inú mi sì dùn sí irọ́ náà.

Ibo la fẹ́ dà á sí? Bí a bá dà á sí gọ́tà, inú odò tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ojú irin ni gọ́tà yẹn ń lọ. Bí a bá dà á sílẹ̀, kànga wà nítòsí. Bí a bá sun ún, ta ni yóò fa èéfín rẹ̀ símú? Mo ní oyè yunifásítì, mi ò sì rí ìdáhùn. Kẹ́ẹ̀gì náà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, Fúnmi fi ìda àbẹ́là dí ẹnu rẹ̀, ó fi àpò bò ó. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń wá. Lánàá, ìyàwó tuntun tó wà ní ilé kejì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ẹ ní epo pupa tó dáa tẹ́ ò lò." Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní òun kàn gbọ́ ni.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí, kì í ṣe ìtàn lásán. Ẹ̀yin lẹ máa jogún ilé yìí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa ṣí abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, ẹ máa bá a níbẹ̀, ẹ máa sì rò pé ó rẹwà. Ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn á máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má fún un. Èmi á ti ṣá nígbà náà. Òun á ṣì pupa.